Kí Ló Dé Tí Físíótẹ́rápì Fi Ń Gbẹ̀yìn?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi sọ ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ físíótẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí a fi eré ìmárale àti ọwọ́ ṣe kí ènìyàn lè tún máa lo ara rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ̀yìn bá ń dun ènìyàn, tàbí tí orúnkún kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn mọ́, tàbí tí èjìká kò jẹ́ kó lè na ọwọ́ sókè, ọ̀dọ̀ wa ló máa ń dé kẹ́yìn. Yóò ti gbé oògùn ìrora mì títí ikùn rẹ̀ yóò fi máa ta á, yóò ti gba abẹ́rẹ́, yóò ti ya àwòrán inú ara, yóò sì ti sùn sílẹ̀ pé òun ń sinmi títí okun yóò fi tán nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹnì kan tó wá rán an létí pé físíò wà. Ohun tó yẹ kó ṣáájú la fi ń ṣe ìgbẹ̀yìn, àwọn aláìsàn ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ènìyàn díẹ̀. Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.71 ènìyàn ló ní àìsàn kan tàbí òmíràn nínú eegun, oríkèé àti iṣan. Ní ti ẹ̀yìn dídùn nìkan, mílíọ̀nù 619 ènìyàn ló ń bá a fínra lọ́dún 2020, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé yóò tó mílíọ̀nù 843 tó bá fi máa di ọdún 2050. Kò sí àìsàn tó ń sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó o ní gbogbo ayé. Àjọ náà sì fi kún un pé nínú ẹni 10 tí ẹ̀yìn ń dùn, nǹkan bíi 9 ni kò sí ohun kan pàtó tí ènìyàn lè nawọ́ sí nínú eegun tàbí iṣan pé òun ló fà á. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tí ọ̀bẹ dókítà lè gé kúrò, oògùn ìrora kò sì lè dá agbára padà fún ara tí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìdí àkọ́kọ́ tí a fi ń gbẹ̀yìn ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a fi òróró ra ẹ̀yìn aláìsàn ni gbogbo iṣẹ́ wa. Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ká ní ẹnì kan wọlé, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ìrora náà sì ń gba itan sọ̀kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kàn án rárá, n óò bi í léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kó le sí i, àti ohun tó ń jẹ́ kó rọlẹ̀. N óò bi í bóyá ìrora náà kì í jẹ́ kó sùn lóru bó ti wù kó dùbúlẹ̀, bóyá ó ń rù láìnídìí, bóyá ibà ń ṣe é, bóyá ó ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí. N óò tún bi í bóyá ó ṣì lè dá ìtọ̀ dúró, àti bóyá ara rẹ̀ kò kú tipiri láàárín itan méjèèjì. Àwọn kan máa ń tijú ìbéèrè méjì tó kẹ́yìn yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tijú rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ń dá jáde fúnra rẹ̀, tàbí tó kọ̀ tí kò jáde mọ́, tí abẹ́ sì kú, ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa tẹ ìdìpọ̀ àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni n óò ní kó dìde, kó bẹ̀rẹ̀ síwájú, kó tẹ̀ sẹ́yìn, kó fi gìgísẹ̀ nìkan rìn, kó sì tún fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn, nítorí pé ojú kan náà kọ́ ni iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè àti èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti ń jáde lára ọ̀pá ẹ̀yìn. N óò ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, n óò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní nínà, n óò sì máa wo ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀. N óò fi òòlù kékeré kan abẹ́ orúnkún àti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà ń ta padà bó ti yẹ, n óò sì fi òwú kan awọ ara rẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún kí n lè mọ ibi tí kò ti gbọ́ ọ dáadáa. Ìgbà tí mo bá ṣe gbogbo èyí tán ni mo tó lè sọ bóyá iṣan ìmọ̀lára ni nǹkan ń tẹ̀, tàbí oríkèé ló le, tàbí ẹran ara ló ti sọ agbára nù, tàbí ẹ̀rù ìrora ni kò jẹ́ kí ẹni náà lè mira mọ́. Ẹni tó kàn ń fọwọ́ ra ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ àwòrán inú ara ń kó ìbànújẹ́ bá ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Aláìsàn á mú ìwé àbájáde MRI, àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ òòfà ńlá yà nínú ara, dání, wọ́n á ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé timùtimù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń gbó, láti ọjọ́ náà lọ ni yóò sì ti máa rìn bí ẹni gbé ẹyin sórí. Àwọn olùwádìí kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2015 nípa àwòrán ẹ̀yìn àwọn ènìyàn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Nínú àwọn ẹni 20 ọdún, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni timùtimù ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni 80 ọdún, ìdá 96 ni. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń gbé ẹrù, kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí ọjọ́ orí ṣe ń hàn lójú ló ń hàn nínú eegun pẹ̀lú. Àwòrán wúlò gidigidi níbi tí àyẹ̀wò bá ti fi àmì ewu hàn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ya àwòrán fún láìṣe àyẹ̀wò ara rẹ̀ lè fi ìbẹ̀rù gba ohun tí kì í ṣe àìsàn.

Bí a bá wá dé orí ìtọ́jú, eré ìmárale tí a yàn fún ẹni náà gan-an ni òpómúléró rẹ̀. Èyí máa ń ya aláìsàn lẹ́nu, nítorí ó ti gbà pé ohun tó ń dun ènìyàn gbọ́dọ̀ sinmi ni. Ṣùgbọ́n ohun rírọ̀ tó bo orí eegun nínú oríkèé kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìgbà tí oríkèé bá sì ń tẹ̀ tó ń nà ni omi náà ń wọlé tó ń jáde dáadáa. Ẹran ara tí a kò lò ń joro láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ẹni tó dáwọ́ ìrìn dúró nítorí orúnkún tó ń dùn ún ti ń mú kí ẹran iwájú itan tó ń gba ìwúwo kúrò lórí orúnkún náà di aláìlágbára, ìrora tó ń sá fún yóò sì tún bá a níwájú. Kódà Gabe Mirkin, dókítà ará Amẹ́ríkà tó sọ ìmọ̀ràn ìsinmi àti yìnyín di gbajúmọ̀ fún ẹni tó fara pa láti ọdún 1978, ti yí ohùn rẹ̀ padà, ó ní méjèèjì lè fa ìwòsàn sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣan líle tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó máa ń dun àwọn tó ń sáré. Lọ́dún 1998, Håkan Alfredson, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Sweden, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa ènìyàn 15 tí ibẹ̀ ti ń dùn fún ìgbà pípẹ́, tí ìtọ́jú mìíràn kò ràn, tí wọ́n sì ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kí wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn, kó jẹ́ pé iwájú ẹsẹ̀ nìkan ló wà lórí rẹ̀, kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú. Aláìsàn á fi ẹsẹ̀ tí kò dùn ún gbé ara rẹ̀ sókè, á wá fi èyí tó ń dùn ún nìkan sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rẹlẹ̀ ju ìpele àtẹ̀gùn lọ. Ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún nínà, ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Èyí já sí ìgbà 180 lóòjọ́. Wọn kò ní kí wọ́n dáwọ́ dúró nítorí pé ó ń dùn wọ́n. Bí kò bá sì dùn wọ́n mọ́, ńṣe ni wọ́n ń gbé ẹrù sínú báàgì ẹ̀yìn kí iṣẹ́ náà lè wúwo sí i. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 pé, gbogbo àwọn 15 ló ti padà sẹ́nu eré sísá bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn olùwádìí ti fi oríṣiríṣi ọ̀nà tún ètò náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò yí padà: iṣan tó ń ṣàìsàn nílò iṣẹ́ tí a díwọ̀n fún un, kó lè tún ara rẹ̀ mọ.

Ní ti orúnkún, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 fi ènìyàn 140 wéra, àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì darúgbó, tí ohun rírọ̀ tó dà bí òṣùpá nínú orúnkún wọn ti ya nítorí gbígbó. Apá kan gba iṣẹ́ abẹ, apá kejì ṣe eré ìmárale fún ọ̀sẹ̀ 12 lábẹ́ àbójútó. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Òmíràn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2020, mú ènìyàn 156 tó ní làkúrègbé orúnkún. Lẹ́yìn ọdún kan, ìrora àwọn tó gba ìtọ́jú físíótẹ́rápì kéré sí ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ sínú orúnkún, wọ́n sì lè lo ẹsẹ̀ wọn jù wọ́n lọ. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ iṣẹ́ abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí dókítà rẹ̀ rí i pé ó tọ́ sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ọwọ́ wa náà ń ṣiṣẹ́ o. A máa ń fi ọwọ́ tú oríkèé tó le, a máa ń fọwọ́ ra ẹran tó di kókó, aláìsàn a sì máa rí ìtura lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ìtura náà kì í pẹ́ lọ títí. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó ń dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀ kí ẹni náà lè ráyè ṣe eré ìmárale tó máa gbà á là. Ẹni tó bá ń gba ìfọwọ́ra nìkan, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, oṣù dé oṣù, ìtura ló ń rà, kò tíì rí ìtọ́jú gbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní dùn mọ́ díẹ̀ lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́ lára. Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ fún aláìsàn, eré ìmárale, ìfọwọ́ra àti fífi ọwọ́ tún ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe. Wọn kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì ẹ̀yìn, wọn kò fọwọ́ sí fífi ẹ̀rọ fa ẹ̀yìn gùn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fọwọ́ sí ẹ̀rọ ultrasound tó ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ ṣe ìtọ́jú àti ẹ̀rọ TENS tó ń ta iná díẹ̀díẹ̀ sí ara. Síbẹ̀, àwọn kan wà nínú iṣẹ́ wa tí wọ́n ṣì ń so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ títí aago yóò fi dún. Bí a bá ń bínú pé àwọn ènìyàn kò ka iṣẹ́ wa sí, ó yẹ kí a mọ̀ pé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti máa rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lè tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ iyì iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1894, ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Medical Journal, pariwo síta pé àwọn kan ń fi orúkọ ìfọwọ́ra bojú ṣe òwò ìṣekúṣe. Nọ́ọ̀sì obìnrin mẹ́rin, Lucy Robinson, Rosalind Paget, Elizabeth Manley àti Margaret Palmer, ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà láti dáàbò bo iṣẹ́ tí wọ́n kọ́, wọ́n fi ìdánwò àti ìlànà sí i, ẹgbẹ́ náà sì gba ìwé àṣẹ ọba lọ́dún 1920. Ogun Àgbáyé Kìíní àti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló wá jẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé ẹni tó mọ bí a ṣe ń dá agbára ìrìn padà fún ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀bẹ àti oògùn kò lè ṣe. Nígbà tó di ọdún 1951, ẹgbẹ́ 11 láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pàdé ní Copenhagen, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ World Physiotherapy lónìí. Inú ìfọwọ́ra ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ lóòótọ́, ó sì ti kúrò níbẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣe é.

Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń gba àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Australia láàyè láti rí aláìsàn láìjẹ́ pé dókítà kọ́kọ́ kọ ìwé. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ti ṣí ọ̀nà náà dé ìwọ̀n kan tàbí òmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onífísíótẹ́rápì tó bá gba àfikún ẹ̀kọ́ lè dá kọ oògùn fún aláìsàn láti ọdún 2013, òfin kò sì jẹ́ kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà máa pe ara rẹ̀ ní onífísíótẹ́rápì. Níbi tí òfin tó ní kí aláìsàn lè wá tààrà àti èyí tó ń dáàbò bo orúkọ iṣẹ́ náà kò bá ti sí, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì fún ọ̀pọ̀ ọdún ń dúró de ìwé dókítà kó tó lè yẹ orúnkún wò, ẹni tí kò sì kọ́ ohunkóhun ń gbé àkọlé síta pé físíò lòun ń ṣe.

Àwọn kan bẹ̀rù pé bí aláìsàn bá kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, a lè má mọ àrùn ńlá tó fara pamọ́ sábẹ́ ìrora. Ìbẹ̀rù tó nídìí ni, òun ló sì fà á tí mo fi ka àwọn ìbéèrè ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lókè. Mímọ ẹni tí kì í ṣe tiwa, kí a sì tètè dá a padà sọ́dọ̀ dókítà, jẹ́ ara ohun tí wọ́n ń kọ́ wa, wọ́n sì ń dán wa wò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó fún wa níwèé àṣẹ. Ewu tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni pípẹ́. Mo ti tọ́jú ìyá kan tí wọ́n ní kó fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn títí ìrora èjìká rẹ̀ yóò fi lọ. Ìrora náà kò lọ, èjìká sì gan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò lè ya irun ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a wọ aṣọ. A tú èjìká náà díẹ̀díẹ̀, ó sì padà ń lo apá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà gùn gan-an, ẹkún sì pọ̀ níbẹ̀. Ká ní ó tètè dé ni, bóyá eré ìmárale díẹ̀ ni ì bá gbà.

Mo fẹ́ bẹ àwọn dókítà wa pé tí wọ́n bá ń kọ ìwé sí wa, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n fura sí, kí wọ́n má kàn kọ ọ́ pé kí a fi ooru ẹ̀rọ sí ẹ̀yìn. Mo sì ń bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú, pé bí ẹ bá ń kọ ìròyìn lórí ìrora ara, kí ẹ máa wá ọ̀kan nínú wa láti gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ físíótẹ́rápì lágbàáyé. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà, kí àwọn òǹkàwé lè mọ ohun tó yẹ kí wọ́n rí gbà lọ́dọ̀ wa: kí ẹni tó ń tọ́jú wọn bi wọ́n ní ìbéèrè dáadáa, kó yẹ ara wọn wò, kó sọ ohun tó rí fún wọn ní èdè tó yé wọn, kó fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe nílé, kó sì sọ ìgbà tó yẹ kí ara bẹ̀rẹ̀ sí yá. Ẹni tó ti lọ lọ́pọ̀ ìgbà tí kò tíì rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí gbà ní ẹ̀tọ́ láti bi onífísíótẹ́rápì rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀, bí ìdáhùn kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá ẹlòmíràn lọ.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Onífísíótẹ́rápì kan